Plọ́ọ̀sì Méjì

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹjọ 2003

Òjò láti ìdájí. Omi ti gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tó wọ láàbù. Kẹrosíìnì tún gbówó lórí: ìgò kan ti di àádọ́ta náírà ní Deco Road ní Warri níbí, ẹni tó ń tà á sì ní kí n rà á kíákíá kí òun tó yí ọkàn padà.

Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n gbé wá, ibà ló ń ṣe gbogbo wọn. Ọmọ àwọn tó sá kúrò ní àwọn ìletò etí odò nígbà tí wọ́n jó wọn nínú ìjà ẹ̀yà lóṣù kẹta ló pọ̀ jù. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń gbé nínú yàrá kan, wọ́n sì ń gbe omi òjò sínú ohunkóhun tó bá lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì Wúlẹ̀mọ̀tù ní, "Àǹtí Bọ́ládé, tí ẹ bá tún gún ọmọ kan sí i lónìí, abẹ́rẹ́ yín fúnra rẹ̀ á bú sẹ́kún."

Enoch ni ẹni kẹrìnlá. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ará Ìlàjẹ ni Rebecca ìyá rẹ̀, ẹja gbígbẹ ló ń tà ní ìletò wọn kó tó di eérú. Jeddo ló forí pamọ́ sí báyìí, ọkọ rẹ̀ sì wà ní Ìgbókòdá. Ìyá Sharon là ń pè é, nítorí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà di ojú pinpin. Mo fi Yorùbá bi í pé ibo ló ń dùn ún, ó fi Pidgin dá mi lóhùn: "Na behind my eye. E be like person dey push am come out."

Mo kọ plọ́ọ̀sì méjì fún un, àmì pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

N kò jáde lọ síwájú pẹpẹ fún Oúnjẹ Olúwa. Mo sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa pé inú ń run mí. Ẹnì kan fún mi ní atalẹ̀, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ atalẹ̀ nítorí irọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí tí n kò kọ ní ọjọ́ Ẹtì. Láti orí ọmọ kọkànlá lọ, n kò wo ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò lépo, ojú ọ̀run sì ṣú débi pé dígí abẹ́ maikirosikóòpù kò rí ìmọ́lẹ̀ kó. Mo gún àwọn ọmọ náà níka, mo ta ẹ̀jẹ̀ wọn sórí siláìdì, mo fi aró kùn ún, mo tò wọ́n síbi tí wọ́n á ti gbẹ. Lẹ́yìn náà mo fa ìwé èsì mọ́ra, mo sì ń kọ plọ́ọ̀sì kan, plọ́ọ̀sì méjì, plọ́ọ̀sì kan, bí ẹni ń gbin àgbàdo. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fọ àwọn siláìdì náà fún ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì ló bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú yìí, ìwé èsì tí kò bá ní plọ́ọ̀sì kì í ṣe ìwé èsì. Bí mo bá kọ ọ́ pé a kò rí kòkòrò ibà, ìyá ọmọ á ní ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́, á gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí láàbù òdìkejì títì, ìyẹn á sì kọ mẹ́ta fún un kó má baà tún lọ síbòmíràn. Dókítà Olúsànmí tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn wa pàápàá kò mọ ohun tó lè fi òdo ṣe. Ìdí tí mo fi fún Enoch ní méjì dípò ẹyọ kan ni pé àìsàn hàn lójú rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń fi ojú lásán wọn ibà.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Rebecca gbé Enoch padà wá. Ọmọ náà ti lo kilorokúìnì ọjọ́ mẹ́ta tán, ara rẹ̀ ṣì ń jó fòfò. Sísú pupa wà ní gbogbo àyà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní oògùn ló ń yún un tó fi họra. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá sísú náà ló ṣáájú híhọ. N kò bèèrè.

Dókítà Olúsànmí wo ìwé mi. "Plọ́ọ̀sì méjì, ó sì tún lo oògùn. Alágídí ni ibà ọdún yìí o, Màmá." Ó kọ abẹ́rẹ́ fún un, ó sì fi asipirínì kún un nítorí eegun tó ń dùn ún.

PCV rẹ̀, ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe pọ̀ tó, jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Èyí, mo wò ó.

"Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ ẹ̀kọ," ni Rebecca wí.

Enoch la ojú kan. "Mama, I no want agidi. E be like cold catarrh."

Wúlẹ̀mọ̀tù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

Ara Enoch ti tutù! Rebecca ló kọ́kọ́ mọ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láàbù, ó ń fi èdè Ìlàjẹ dúpẹ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà. "Ara ti tutù, Ìyá Sharon. Ibà ti lọ. Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Bí oògùn ibà bá ti wò ó sàn, á jẹ́ pé ibà ni lóòótọ́, plọ́ọ̀sì méjì tí mo fi ọwọ́ ara mi dá ti di òtítọ́ láìjẹ́ pé mo wo nǹkan kan. Ọlọ́run ti bá mi bo àṣírí. Ohun tí mo rò nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ mi lọ́rùn ọmọ.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n gbé e padà wá lọ́sàn-án lórí ọ̀kadà, wọ́n fi í sáàárín ìyá rẹ̀ àti ọlọ́kadà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì ń làágùn. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́rìgì rẹ̀. "Mama, my belle," ohun kan ṣoṣo tó ń sọ nìyẹn.

PCV: mọ́kàndínláàádọ́ta. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í. Mo tún un yí nínú ẹ̀rọ. Àádọ́ta.

Dókítà gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ sì túká díẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Kò ní nílò ká fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára."

"Ó dára, Dókítà," ni mo wí.

Ibà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ pọ̀. Ṣe ló ń jẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ èyí. Ó wà lẹ́nu mi, n kò sì sọ ọ́ jáde, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìbéèrè kejì wà: kòkòrò wo gan-an ni ẹ wá rí, Màmá?

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ

Enoch kú láàárọ̀, kété lẹ́yìn agogo méje.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n sin ín sí Jeddo. N kò lọ.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Mo ti ka ìwé ìṣègùn kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé náà kò ní èèpo mọ́. Inú òkìtì àlòkù ní ọjà ńlá ni mo ti rà á lọ́dún tó kọjá, nítorí àwòrán ẹ̀fọn tó wà nínú rẹ̀. Dẹ́ńgì. Mo rántí orúkọ yẹn láti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní àrùn àwọn ará Éṣíà ni, a sì kọ ìlà méjì nípa rẹ̀ nítorí ìdánwò.

Ẹ̀fọn ọ̀sán ló ń gbé e, èyí tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, tó ń yé ẹyin sínú omi mímọ́ tí a gbe pamọ́. Bó bá ti gún ọmọ, fáírọ́ọ̀sì náà á bọ́ sábẹ́ awọ, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ wà. Àwọn ni ààbò àbínibí, èyí tí ọmọ gbé wá sáyé, tí kì í dúró bi àlejò lórúkọ kó tó dìde sí i. Wọ́n á gbé fáírọ́ọ̀sì náà mì kí wọ́n lè pa á. Ṣùgbọ́n inú wọn gan-an ló fẹ́ràn láti gbé. Ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kó o á ké: ó ń tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní íńtáfẹ́rọ́ọ̀nù síta, kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì apani á jáde wá, wọ́n á máa pa àwọn tí àrùn ti wọ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì náà ṣe ń yè bọ́ nínú gbogbo ìyẹn, àwọn tó kọ ìwé náà ní kò tíì yé àwọn.

Ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹ̀yìn ojú dídùn: igbe àwọn ẹ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Tó bá di nǹkan bí ọjọ́ kẹrin sí ìkeje, fáírọ́ọ̀sì á ti máa tán lọ nínú ẹ̀jẹ̀, ara ọmọ á tutù.

Ìgbà náà ni ewu dé.

Àwọn oje tí àwọn ẹ̀ṣọ́ tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ké pe ara wọn á sọ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ di asẹ́. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò lọ sínú ikùn àti sí àyíká ẹ̀dọ̀fóró. Inú á máa dun ọmọ. Ìyókù ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan á ki, kò sì ní lè dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wá tutù. Ọmọdé ló ń ṣe jù, nítorí iṣan tiwọn ń jò kíákíá ju ti àgbà lọ. A kò gbọ́dọ̀ fún wọn ní asipirínì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa yọ. Omi ni kí a fi gbà wọ́n, ní ìwọ̀n, kí a sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò léraléra títí iṣan á fi padà dí.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ki.

Ara tutù. Bí a ti ń gbàdúrà fún ara wa nìyẹn. Kò sí ìyá kan nínú èdè wa tó máa gbọ́ pé ara ọmọ òun tutù tí kò ní dúpẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ nínú èdè wa rán ọmọ yẹn lọ sílé.

Mo ti fẹ́ fi àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara yìí wé àwọn sójà tí ìjọba kó sí oríta wa, tí ariwo wọn ń pa ènìyàn ju olè lọ. Mo pa á rẹ́. Ó rọrùn jù. Ẹ̀ṣọ́ inú ara kò mọ ohun tó ń ṣe, èmi mọ̀. Ó tún ṣeé ṣe kó má jẹ́ dẹ́ńgì rárá. Ó ṣeé ṣe kí n máa wá àrùn ńlá tí mo lè fi bo ìwà kékeré mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Ìbọn nínú ìlú láti ọ̀sán. A dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàbù, èmi, Wúlẹ̀mọ̀tù àti aláìsàn mẹ́ta. Wúlẹ̀mọ̀tù ń ka àdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó dákẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí ìborùn mi, kí n lè kú bí ọmọlúàbí."

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ

Kónílé-ó-gbélé. Búrẹ́dì kò sí. Èéfín ní ọ̀nà odò.

Mo pe Adéfọláhàn, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù fáírọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn ni.

"Ara rẹ̀ tutù, PCV wá lọ sókè? Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kò jọ ibà tiwa yìí o. Àwọn tó ṣáájú wa níbí ti rí dẹ́ńgì nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kí n tó dé rárá, kò sẹ́ni tó ń wá a ni. Ṣùgbọ́n ẹ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí díẹ̀," ni mo wí.

"Áà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ibà líle náà ni. Ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ nìyẹn."

Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi yẹn ní A, B, D. Ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, mo sì purọ́ fún un. Èèyàn ti kú tán, kí ni mo tún ń dáàbò bò?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n jẹ́ ká jáde lọ́sàn-án. Rebecca dé, ó di Sharon lọ́wọ́ mú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti àná ni ara rẹ̀ ti ń gbóná. Ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn.

Dókítà kò tilẹ̀ rán an sí mi. Ó fa fáìlì Enoch yọ, ó rí ìwé mi nínú rẹ̀, ó ní, "Ilé kan náà, ẹ̀fọn kan náà. Abẹ́rẹ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ká má dúró de oògùn oníhóró." Ó kọ asipirínì sí i.

Plọ́ọ̀sì méjì tèmi ló ń kọ ìwé oògùn fún Sharon.

Mo sáré bá Rebecca ní ẹnu géètì. "Ìyá Sharon, ẹ má fún un ní asipirínì."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà má fún un. Ẹ máa fún un lómi mu dáadáa."

Ó wo ojú mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí?"

"Kò sí," ni mo dáhùn.

Bí mo bá sọ fún un, ó lè má gbé ọmọ yìí wá sọ́dọ̀ wa mọ́ láéláé, á jókòó ti í sílé, ara á tutù. Bí n kò bá sì sọ fún un, á gbé e wá, a ó sì tún ṣe ohun tí a ṣe fún Enoch. Ọ̀nà méjèèjì burú, ọ̀kan nínú wọn sì máa dójú tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ sí Jeddo dípò ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ibi àyẹ̀wò sójà, ọ̀kan yẹ àpò mi wò. "Mama, na only orange you carry? No be bomb?" Mo ní ọsàn ni. Ó mú méjì.

Yàrá náà kò tó ìwọ̀n láàbù mi. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin wà lẹ́nu ọ̀nà, ìdin ẹ̀fọn ń jó nínú wọn. Sharon ń sùn lórí ẹní. Rebecca ń ká aṣọ, aṣọ ọmọkùnrin sì wà lára wọn.

"Ẹ jókòó, Àǹtí."

"N kò ní jókòó. Ìyá Sharon, ìwé tí mo kọ fún Enoch, plọ́ọ̀sì méjì yẹn. N kò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ wò ó. Mo wà níbẹ̀. Ẹ gún un níka."

"Mo gún un. N kò wò ó. Kò sí iná. Mo kàn kọ ọ́ ni."

Ó ká aṣọ kan tán, ó tún un tú, ó tún un ká. "Kí ló wá pa ọmọ mi?"

"N kò mọ̀ dájú. Mo rò pé àrùn mìíràn ni, tí ẹ̀fọn ọ̀sán ń gbé. Nínú àrùn yẹn, ìgbà tí ara bá tutù ni ewu ń bẹ̀rẹ̀."

"Tó o bá wò ó ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Tó o bá wò ó. Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti mọ̀ mí, "ẹ" ló ń fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo lè bí i.

"Ó lè ṣì kú. Ṣùgbọ́n bóyá a ò ní fún un ní asipirínì. A ò sì ní rán an lọ sílé lọ́jọ́ yẹn."

"Ìwọ lo sọ fún mi pé ó ti tutù. O fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Sharon yí orí. "Mama, who be that?"

"Na the lab woman." Ó di aṣọ náà mú mọ́ àyà, kò wo ojú mi. "Mò ń gbé e bọ̀ lọ́la. O máa wo tiẹ̀ lójú mi. Máa lọ."

Mo gbé ọsàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo da omi inú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nù kí n tó kúrò. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá mi dúró.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹjọ

Ó gbé e wá ní agogo mẹ́jọ. Mo gún Sharon níka. Oòrùn wà, dígí náà sì mú ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Rebecca fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ò ń wò ó?"

Mo ní à ń wò ó láti ojúkò kan dé òmíràn lórí siláìdì, a sì gbọ́dọ̀ wo igba kí a tó lè sọ pé kò sí nǹkan kan.

"Kà á sókè."

Mo kà á sókè. Ọ̀kan, kò sí. Èjì, kò sí. Ní ọgọ́ta ó lé mẹ́ta, mo gbé ojú kúrò láti nu omi ojú mi. "Mẹ́tàlélọ́gọ́ta lo dé," ni Rebecca wí. Wúlẹ̀mọ̀tù yọjú. "Ẹ̀yin méjèèjì ń ka tẹ̀súbà ni?" Mò ń kà lọ. Igba, kò sí. Ó gba wákàtí kan ó dín díẹ̀. Mo kọ òdo. Ó pẹ́ tí ọwọ́ mi ti kọ òdo kẹ́yìn, ó rí bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀.

Mo gbé e lọ fún Dókítà. Ó ní, "Màmá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nínú òjò, ní Warri. Kí lẹ fẹ́ kó jẹ́?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ dẹ́ńgì fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Enoch fún un, ẹ̀rín náà sì tán. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ìyá rẹ̀."

"Ẹ ti sọ fún ìyá rẹ̀?" Ó jókòó padà. "Èmi náà rí àádọ́ta yẹn, Màmá. Mo rí i, mo sì ní ó dára." Ó fa ìlà la ìwé oògùn Sharon láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Kò ní lọ sílé títí ara rẹ̀ á fi tutù, á sì ti tutù fún ọjọ́ méjì."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kẹjọ

Mo pe Adéfọláhàn, mo sọ fún un pé n kò rí díẹ̀, n kò wò ó ni. "Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ti ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sórí yìnyín," ni ó wí. Kò kí mi pé ó dàárọ̀.

Awakọ̀ kan gbà láti gbé fúláàsì tí ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ dé Ìbàdàn. PCV Sharon: mẹ́rìndínlógójì, bí ti arákùnrin rẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹjọ

Rebecca wọ láàbù ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. "Ó ti tutù," ó wí, bí ẹni tó ń sọ pé olè ti fo ògiri wọlé.

Agogo mẹ́wàá, mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀sán, mọ́kànlélógójì. Inú bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Agogo mẹ́ta, mẹ́rìnlélógójì, ọwọ́ rẹ̀ ń tutù lọ. Dókítà ti gbé omi sí i, ó ń ka ẹ̀kán rẹ̀ fúnra rẹ̀: bó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á ki, bó bá pọ̀ jù, yóò jò lọ sí àyíká ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé tó, kò sẹ́ni tó lọ sílé. Agogo mẹ́fà, márùndínláàádọ́ta.

Rebecca kò gbàdúrà. Bí mo bá ti jáde láti inú láàbù, ó kàn ń wí pé, "Mélòó?" Èmi á sọ ọ́.

Mò ń kọ èyí láàárín àyẹ̀wò méjì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kékeré inú ọmọ náà ti ṣẹ́gun ọ̀tá wọn, wọn kò sì tíì mọ̀. Márùndínláàádọ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò lọ sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ

Méjìlélógójì lánàá, mẹ́tàdínlógójì lónìí. Ó tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Sharon wo abọ́ ẹ̀kọ tí Wúlẹ̀mọ̀tù gbé wá. "Aunty, you no get rice?"

Wúlẹ̀mọ̀tù ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o kò kú tán, o ti ń yan oúnjẹ!" Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo Rebecca. Rebecca ní, "Ẹ fún un ní ráìsì."

Ó fún Wúlẹ̀mọ̀tù ní "ẹ" tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n lọ sílé lónìí. Èsì Ìbàdàn kò tíì dé, nítorí náà n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé dẹ́ńgì ni. Orúkọ náà ṣì dà bí aṣọ tí mo yá wọ̀.

Àwọn obìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì Rebecca wá sìn wọ́n lọ sílé, wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi, èmi ni mo gba ọmọ yẹn là. Mo wo Rebecca kó lè sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí obìnrin náà dúpẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mo sì dúró gbà á. Kò sí èébú tí wọn ì bá bú mi tí yóò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, òun nìkan padà wọlé.

"Ìwé ńlá tí o ń kọ orúkọ sí. Mú un wá. Tún ti Enoch kọ."

Mo ṣí i sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Nọ́ńbà kẹrìnlá. Mo fa ìlà gba àárín plọ́ọ̀sì méjèèjì, mo sì fẹ́ kọ òdo. Ọwọ́ mi dúró. Òdo náà á jẹ́ irọ́. Èmi kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn, n kò sì ní mọ̀ ọ́n mọ́ láé. Mo kọ ọ́: *A kò wò ó.* Mo fọwọ́ sí i.

Rebecca kà á, ó ń fi ètè kà á díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò kúrò lórí ewé náà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn orúkọ tó kù, plọ́ọ̀sì kan, plọ́ọ̀sì méjì, plọ́ọ̀sì kan, títí dé ìsàlẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ṣé o wò wọ́n?"

Mo gbé bírò náà lọ sí orúkọ kọkànlá. *A kò wò ó.* Ìkejìlá. Ìkẹtàlá. Àwọn obìnrin ń pè é níta, ọkọ̀ ń fọn fèrè, kò mira. Ó dúró tì mí títí mo fi dé orúkọ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó sì ṣí ìwé náà sí ewé tó ṣáájú.